Ọjọ́ Ìrìn Kìn-ín-ní: Èrò Mímọ́, Oníbodè àti Èdè Àwọn Basque Lójú Ọ̀nà Santiago



Ìwé kan wà tí a fi èdè Látìnì kọ ní nǹkan bí ọdún 1140, tí ẹ̀dà rẹ̀ tí ó lókìkí jù lọ wà ní Kàtídírà Santiago de Compostela, ní igun àríwá-ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Sípéènì. Codex Calixtinus ni a ń pè é. Orúkọ Póòpù Calixtus Kejì ni wọ́n fi lé e lórí kí ó lè gbayì, ṣùgbọ́n kì í ṣe Póòpù náà ni ó kọ ọ́. (Olè jí ìwé yìí gbé ní ọdún 2011, ọdún kan ni ó lò níta kí àwọn ọlọ́pàá tó rí i ní 2012.) Ìpín márùn-ún ni ó ní, èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn sì ni àwọn òpìtàn ń pè ní ìwé atọ́nà èrò mímọ́. Àlùfáà ará Poitou kan ní ilẹ̀ Faransé, tí ń jẹ́ Aymeric Picaud, ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ẹni tí ó kọ ìpín yìí. Orúkọ rẹ̀ ni n ó máa lò nínú ọ̀rọ̀ mi.

Picaud pín ọ̀nà tí ó ti ẹsẹ̀ òkè Pyrenees lọ dé Santiago sí ọjọ́ ìrìn 13. Ọjọ́ kìn-ín-ní bẹ̀rẹ̀ ní abúlé Saint-Michel ní ìhà Faransé. Ó gun òkè tí wọ́n ń pè ní Port de Cize, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ìhà Sípéènì, ó sì parí ní abúlé Viscarret. Nígbà tí Picaud ń to àwọn ọjọ́ náà lẹ́sẹẹsẹ, kò fi ọ̀rọ̀ ṣòfò lórí èyí: ó ní ọjọ́ kúkúrú ni. Ọjọ́ kúkúrú yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Èrò mi ni pé ohun tí arìnrìn-àjò bá rò nípa ẹni tí ó gbà á sílé ọ̀tọ̀, ohun tí ó bá béèrè lọ́wọ́ ẹni náà ọ̀tọ̀, àti pé èkejì ni òpìtàn lè gbára lé. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Ó ti tó igba ọdún tí àwọn àjèjì ti ń kọ ìwé nípa àwa Yorùbá, a sì ní láti mọ bí a ó ti ṣe máa ka irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ìgbàgbọ́ àwọn Kristẹni ìgbà náà ni pé òkú Jákọ́bù ọmọ Sébédè, ọ̀kan nínú àwọn àpọ́sítélì Jésù, ni ó wà ní Santiago. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹsàn-án, nígbà ayé Ọba Alfonso Kejì ti Asturias, ni Bíṣọ́ọ̀bù Theodomir ti Iria kéde pé a ti rí ibojì náà. Nígbà tí Picaud ń kọ̀wé, Jerúsálẹ́mù àti Róòmù nìkan ni ó lè bá Santiago dọ́gba lójú àwọn èrò mímọ́ ilẹ̀ Yúróòpù. N kò ní dúró lórí bóyá Jákọ́bù ni ó wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Ẹsẹ̀ tí ó gba ọ̀nà náà kọjá, òótọ́ ni, wọn kò sì tíì dẹ́kun. Ní ọdún 2019, ènìyàn 347,578 ni ọ́fíìsì èrò mímọ́ ní Santiago fún ní ìwé ẹ̀rí. Ní 2023, wọ́n lé ní 440,000.

Lónìí, púpọ̀ nínú wọn ń bẹ̀rẹ̀ ní ìlú kékeré Saint-Jean-Pied-de-Port, tí kò jìnnà sí Saint-Michel, wọ́n sì ń sun oorun alẹ́ kìn-ín-ní ní Roncesvalles. Nǹkan bí 25 kìlómítà ni ìrìn náà. Wọn a gbéra níbi tí ilẹ̀ kò ga tó 200 mítà ju òkun lọ, wọn a gun òkè dé 1,430 mítà ní Col de Lepoeder, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 950 mítà. Ọ̀pọ̀ èrò ni ó máa ń sọ pé kò sí ọjọ́ tí ó le tó o ní gbogbo ọ̀nà náà. Picaud kò tilẹ̀ dúró ní Roncesvalles. Ó fi ohun tí ó lé ní 10 kìlómítà kún un dé Viscarret, ó sì ní ó kúrú. A lè sọ pé ẹṣin ni ó gùn. Ṣùgbọ́n nípa ọjọ́ kẹrin àti ìkarùn-ún, ó sọ gbangba pé ẹlẹ́ṣin ni wọ́n wà fún. Kò sọ bẹ́ẹ̀ nípa ti àkọ́kọ́. Ní tèmi, kì í ṣe ẹsẹ̀ ni ó fi ń wọn ọjọ́, ibùsùn ni. Ibi tí èrò ti lè rí òrùlé sùn sí, ibẹ̀ ni ọjọ́ ti parí, ìbáà jìnnà, ìbáà súnmọ́. Àwọn baba wa tí wọ́n ń ru ẹrù lọ sí ọjà ọ̀nà jíjìn mọ ìṣirò yìí dáadáa. Ọjọ́ ni wọ́n fi ń ka ọ̀nà, ìlú tí wọn ó wọ̀ sí lálẹ́ ni wọ́n sì fi ń ka ọjọ́.

Mo ti fi ẹsẹ̀ ara mi rin ọ̀nà yìí ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ kan, pẹ̀lú ẹ̀dà ìwé Picaud nínú àpò. Ní ìdájí ni mo jáde ní ẹnu odi Saint-Jean, níbi tí wọ́n ń pè ní Ibodè Sípéènì. Kò pẹ́ tí ọ̀nà náà fi dìde dúró bí àkàsọ̀. Ilé àwọn àgbẹ̀ wà lápá ọ̀tún àti òsì, funfun, pẹ̀lú fèrèsé onígi tí a kùn ní pupa. Saint-Michel wà nísàlẹ̀ ní apá òsì, nínú kùrukùru àfonífojì. Bí a ti ń gòkè sí i ni igi ń tán, tí pápá koríko sì ń gba ilẹ̀. Àgùntàn tí a so agogo mọ́ lọ́rùn ń jẹ káàkiri, igún sì ń yí lókè láìju ìyẹ́. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe afẹ́fẹ́ eré; ẹni tí kò bá tẹ ara síwájú kò ní lè rìn. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Bélú títí dé ìparí oṣù Ẹrẹ́nà, ìjọba Navarre kì í jẹ́ kí èrò gba orí òkè yìí rárá nítorí yìnyín. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ tí ó gba Valcarlos ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbà.

Ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè ni Picaud ti kọ́kọ́ bínú, àwọn oníbodè ni ó sì bínú sí. Ó ní ní Ostabat, ní Saint-Jean àti ní Saint-Michel, wọn a máa jáde pàdé èrò pẹ̀lú igi méjì-mẹ́ta lọ́wọ́, wọn a fi ipá gba owó, wọn a sì tú ara ẹni tí ó bá kọ̀ títí dé inú ṣòkòtò. Lábẹ́ òfin, oníṣòwò nìkan ni ó yẹ kí ó san owó ibodè. Èrò mímọ́ kò jẹ gbèsè kankan. Níbi tí àṣà bá sì ti ní kí wọ́n gba owó 4 tàbí 6, owó 8 tàbí 12 ni wọ́n ń gbà. Picaud kò dúró lórí àwọn tí ó di igi mú. Ó dárúkọ àwọn olówó àti àwọn ìjòyè tí owó náà ń dé ọ̀dọ̀ wọn, títí kan Ọba Aragon, ó sì ní kí a lé gbogbo wọn kúrò nínú ìjọ, kí a kéde rẹ̀ ní Santiago gan-an níwájú àwọn èrò.

Ẹni tí ó bá ti ka ìtàn ilẹ̀ wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò nílò kí a túmọ̀ èyí fún un. Ẹnu odi ìlú wo ni kò ní oníbodè, oníbodè wo ni kì í ṣe ìránṣẹ́ ọba tàbí ìjòyè kan? Ìbínú Picaud níye lórí fún wa nítorí pé ó jẹ́ kí a mọ̀ pé òkè yìí ti di oko owó ní ọdún 1140: èrò ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi tó kí ọba fi ojú sí i. Ìhà yìí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo gbà á gbọ́.

Ṣùgbọ́n lórí oníbodè kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà parí sí. Láti orí àwọn ọkùnrin mélòó kan tí ó di igi mú, ó bọ́ sórí odidi ẹ̀yà kan, àwọn Basque àti àwọn ará Navarre tí wọ́n ń sọ èdè kan náà. Ó pè wọ́n ní ẹhànnà. Ó ní aṣọ wọn dúdú, kò sì kọjá orúnkún. Ó ní wọ́n lè pa ará Faransé nítorí ẹyọ owó kan. Ó ní nínú ilé wọn, olówó àti ìwọ̀fà, ọkùnrin àti obìnrin, inú àwo kan náà ni wọ́n ti ń fi ọwọ́ jẹun. Ó ní bí ènìyàn bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, yóò rò pé ajá ni ó ń gbó. Ẹ̀sùn ti àwo kan náà yẹn pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, nítorí pé inú àwo kan náà ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Síbẹ̀ òǹkọ̀wé yìí kan náà kò lè bo ohun tí ojú rẹ̀ rí mọ́lẹ̀ tán: ó jẹ́wọ́ pé akíkanjú ni wọ́n lójú ogun, pé wọn kì í jẹ ìdá mẹ́wàá, àti pé bí wọ́n bá ń lọ sí ilé Ọlọ́run, wọn kì í lọ lọ́wọ́ òfo, búrẹ́dì, wáìnì tàbí àlìkámà yóò wà lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́yìn èébú nípa ajá tí ń gbó, láìsí ìsinmi, Picaud kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sílẹ̀ nínú èdè àwọn ènìyàn náà. Ó ní wọ́n ń pe Ọlọ́run ní urcia, ìyá Ọlọ́run ní andrea Maria. Búrẹ́dì ni orgui, wáìnì ni ardum, ẹran ni aragui, ẹja ni araign. Ilé ni echea, baálé ilé ni iaona, ìyáálé ni andrea. Ó tẹ̀síwájú dé ṣọ́ọ̀ṣì, elicera, àlùfáà, àlìkámà, gari, omi, uric, ọba, ereguia, ó sì fi orúkọ Jákọ́bù Mímọ́ parí rẹ̀. Fún èdè tí kò ní ìwé ní ìgbà náà, tí kò sì bá èdè mìíràn kankan tan ní Yúróòpù, ìṣúra ni àkọsílẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni ó wà títí di òní, tí ìyípadà tí ó dé bá wọn kò ju díẹ̀ lọ: ogi, ardo, haragi, arrain, etxe, jaun, andre, gari, ur, errege.

Ẹ jẹ́ kí a fi ara balẹ̀ wo bí ó ti tò wọ́n. Orúkọ Ọlọ́run ni ó ṣáájú, bí ìgbà tí èrò dé ẹnu ọ̀nà onílé tí ó sì fi Ọlọ́run kí i. Oúnjẹ ni ó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ilé, lẹ́yìn náà ẹni tí ó ni ilé. Ohun tí ó tún fi ẹ̀rí hàn jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ìrísí àwọn ọ̀rọ̀ náà. Uric kì í ṣe ‘omi’ lásán. Ur ni omi. Àfòmọ́ ẹ̀yìn tí ó wà lára rẹ̀ ni àwọn Basque ń lò nínú ìbéèrè àti nínú ìyísódì, bí ìgbà tí a bá wí pé ‘omi kankan’. Elicera pàápàá, àwọn onímọ̀ èdè náà ti tọ́ka sí i pé ‘sí ṣọ́ọ̀ṣì’ ni ó túmọ̀ sí. Ó dà bí ìgbà tí òyìnbó kan bá béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ wa, tí a wí fún un pé ‘lọ́jà’, tí ó sì kọ ‘lọ́jà’ sínú ìwé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ ibi tí a ti ń tajà. Kì í ṣe àga ni Picaud jókòó lé tí ó fi kó ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jọ. Lójú mi, ẹnìkan béèrè bóyá omi kankan wà, ẹnìkan dá a lóhùn. Ẹnìkan nawọ́ fún un sí ọ̀nà tí ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tí ó ní wọ́n ń gbó bí ajá ni wọ́n dá a lóhùn bẹ́ẹ̀.

Urcia nìkan ni ó ń fa àríyànjiyàn. Àwọn Basque òde òní kì í fi ọ̀rọ̀ yìí pe Ọlọ́run. Ó jọ ọ̀rọ̀ wọn àtijọ́ tí ó jẹ mọ́ ojú sánmà. Àwọn kan sọ pé òrìṣà ojú ọ̀run kan ni ó wà nídìí rẹ̀, àwọn mìíràn sọ pé ẹni tí a bi ní ìbéèrè kàn nàka sókè ni. Àwa tí a ń pe Ẹlẹ́dàá ní Ọlọ́run kò ní ka ìsopọ̀ ọ̀run àti Ọlọ́run sí ohun tí ó ṣòro.

Nígbà tí a dé orí òkè, lẹ́yìn ìsun omi tí wọ́n sọ ní orúkọ Roland, a kọjá ààlà ilẹ̀ méjèèjì láìrí aṣọ́bodè kankan. Kò jìnnà síbẹ̀ ni àlàpà ilé ìṣọ́ òkúta tí àwọn ará Róòmù kọ́ sí orí òkè Urkulu wà. Ọ̀nà wọn láti Astorga dé Bordeaux gba òkè wọ̀nyí kọjá ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú èrò Santiago kankan. Picaud sọ pé àgbélébùú Charlemagne wà ní orí òkè, pé níbẹ̀ ni èrò ti ń kúnlẹ̀ kọjú sí Santiago, tí olúkúlùkù sì ń ri àgbélébùú tirẹ̀ mọ́lẹ̀ títí wọ́n fi tó ẹgbẹ̀rún.

Charlemagne kọjá níhìn-ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí Picaud ti fẹ́. Ní ọdún 778, ọba yìí ń padà bọ̀ láti Zaragoza tí kò rí gbà. Bí ó ti ń kọjá, ó wó odi Pamplona lulẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Ògún, àwọn Basque lúgọ dè é nínú òkè, wọ́n sì pa àwọn tí ń ṣọ́ ẹ̀yìn ọmọ-ogun rẹ̀ run, Roland pẹ̀lú wọn. Einhard, tí ó gbé ní ààfin Charlemagne, kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi máa di nǹkan bí ọdún 1100, nínú ewì gígùn Chanson de Roland, àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n fi rọ́pò àwọn Basque. Ìpín kẹrin Codex Calixtinus tẹ̀ lé irú ìtàn yìí. Ẹ wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀: a gba ogun kan ṣoṣo tí àwọn Basque fi gbẹ̀san odi tí a wó lọ́wọ́ wọn, a fi fún ẹlòmíràn; ohun tí a fi sílẹ̀ fún wọn ni owó ibodè àti gbígbó ajá.

Ìsọ̀kalẹ̀ láti Lepoeder ga púpọ̀, ewé gbígbẹ sì bo òkúta nínú igbó beech. Ibẹ̀ ni orúnkún ti ń san gbèsè. Roncesvalles wà nísàlẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1130, Bíṣọ́ọ̀bù Sancho de Larrosa ti Pamplona dá ilé ìtọ́jú èrò sílẹ̀ ní agbègbè yìí nítorí àwọn tí òtútù àti ìkookò ń pa lórí òkè. Ní Ibañeta, lórí ọrùn òkè náà, wọn a máa lu agogo nínú kùrukùru àti lóru kí ẹni tí ó ti ṣìnà lè tẹ̀ lé ohùn rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí Ọba Sancho Keje kọ́, tí a yà sí mímọ́ ní 1219, wà níbẹ̀ di òní, ibojì ọba náà sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé òkúta kékeré kan tí ó dàgbà jù ú lọ ni mo dúró pẹ́ sí lẹ́bàá rẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní Charlemagne ni ó kọ́ ọ sórí Roland. Egungun tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ti àwọn èrò tí wọ́n kú sójú ọ̀nà ni. Ọjọ́ kúkúrú ni tiwọn náà.

Ní ilé èrò Roncesvalles lónìí, àwọn ará ilẹ̀ Nẹ́dálańdì tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn ni ó gbà wá sílé. Pátákó kan wà lẹ́bàá títì tí ó ní Santiago ku 790 kìlómítà. Èmi kò tẹ̀síwájú. Viscarret ni mo dé ní ọjọ́ kejì, mo sì yí padà sí Saint-Michel, nítorí ohun kan tí Picaud kò lè mọ̀.

Orúkọ tí àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ń pe Saint-Michel ni Eiheralarre. Nǹkan bí irínwó ọdún lẹ́yìn Picaud, Bernard Etxepare ni àlùfáà ìjọ ibẹ̀, Basque sì ni. Ní 1545, ní Bordeaux, ó tẹ ìwé ewì kékeré kan jáde ní èdè tirẹ̀, tí ó fi orúkọ Látìnì pè ní Linguae Vasconum Primitiae. Ìwé títẹ̀ àkọ́kọ́ ní èdè Basque nìyẹn. Ewì nípa ẹ̀sìn wà nínú rẹ̀, ewì ìfẹ́ wà níbẹ̀, èyí tí ó kọ nípa ẹ̀wọ̀n tí ó ṣe wà níbẹ̀, ó sì fi ewì méjì tí ó yin èdè náà parí rẹ̀. Nínú abúlé tí Picaud ti ní oníbodè ń tú ṣòkòtò èrò ni ẹni tí ó kọ ọ́ ti ń ṣe àlùfáà.

A kò ní wo èyí kí a má rántí tiwa. Nígbà tí Bowdich wà ní Kumasi ní 1817 nítorí òwò, ó gba oǹkà Ọ̀yọ́ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tí ó bá níbẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1819. Ó wà lára ohun tí ó pẹ́ jù lọ nínú èdè wa lórí ìwé. Èrò mímọ́ béèrè omi, oníṣòwò béèrè oǹkà. Ó di 1843 kí Crowther, ọmọ bíbí Òṣogùn, tó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá tirẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ́nù. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àkọsílẹ̀ méjèèjì náà ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín uric àti ìwé Etxepare.

Èdè Basque ti jìyà lẹ́yìn ìgbà náà. Ní Sípéènì lábẹ́ ìjọba Franco, wọn kò gbà á láàyè ní ilé ẹ̀kọ́. Ní Faransé, kò tíì di èdè ìjọba títí di òní. Ní 1968 ni Ilé Ẹ̀kọ́ Gíga Èdè Basque, Euskaltzaindia, pàdé ní Arantzazu láti fi ẹsẹ̀ àkọtọ́ àjùmọ̀lò múlẹ̀, bí àwa náà ti ṣe tiwa ní 1974. Ní 1969 ni àwọn òbí ní ìhà Faransé dá ẹgbẹ́ Seaska sílẹ̀ láti máa fi èdè náà kọ́ àwọn ọmọ wọn. Echea tí Picaud kọ sílẹ̀ sì ti rìn jìnnà ju òun lọ. Láti inú etxe berri, ‘ilé titun’, ni orúkọ ilé Javier ní Navarre ti wá, níbi tí a bí Francis Xavier sí ní 1506. Ẹnikẹ́ni nínú yín tí a bá sọ ní Xavier níbi ìrìbọmi ń jẹ́ ọ̀rọ̀ kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà.

Ní Eiheralarre, orúkọ abúlé náà wà lójú títì ní èdè méjèèjì. Nínú gbogbo ẹ̀dà ìwé Etxepare tí a tẹ̀ ní 1545, ẹyọ kan ṣoṣo ni a mọ̀ pé ó ṣẹ́ kù, ó sì wà ní ilé ìkàwé ìjọba ní Paris.